Kí ló dé tí ẹnu ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá fi há tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn fún àbúrò kan ní Kubwa

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa ni mò ń gbé. Mo kàwé jáde ní FUT Minna, ó sì di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń kọ kóòdù ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Wuse. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ńlá márùn-ún lókè òkun. Mẹ́ta ò dá mi lóhùn rárá. Ìkẹrin bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ìṣẹ́jú 45, wọ́n ní ó ti parí. Ìkarùn-ún fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀marùn-ún, gbogbo ìbéèrè wọn ni mo ṣe, síbẹ̀ ní oṣù kẹta wọ́n ní àwọn ò lè mú mi, wọn ò sì sọ ìdí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọpọlọ mi ni kò gbé e ni, àbí wọn ò fẹ́ àwa ọmọ Nàìjíríà? Ṣé kí n tún gbìyànjú?"

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, gbólóhùn kan ló sì dá mi dúró níbẹ̀: "gbogbo ìbéèrè wọn ni mo ṣe." Mo gbà ọ́ gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí o ṣe gbogbo rẹ̀ lóòótọ́, kó sì tọ̀nà, kí wọ́n tún sọ pé rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìdánwò bíi ti JAMB ni, pé ẹni tí èsì rẹ̀ bá ti tọ̀nà ti wọlé nìyẹn. Èrò yẹn ló ń pa wá lára jù, torí náà òun ni mo máa fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí.

Mo ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tábìlì náà. Wọ́n ti lé èmi náà padà rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo rí iṣẹ́ gbà, mo sì lo ọdún mẹ́fà pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ńlá kan, níbi tí mo ti fi ọ̀rọ̀ wá èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lẹ́nu wò, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ láti yàrá mi ní Gwarinpa níbí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti iye èèyàn kúrò nílẹ̀, torí òun ló rọrùn jù láti lóye. Nígbà tí Laszlo Bock ṣì jẹ́ ọ̀gá ètò òṣìṣẹ́ ní Google, ó sọ pé lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́dún lé ní mílíọ̀nù méjì, ẹgbẹ̀rún díẹ̀ péré ni wọ́n sì ń mú. Tí èrò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kan, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fi sùúrù wo ojú gbogbo wọn. Àwọn mẹ́ta tí kò dá ọ lóhùn yẹn, má jẹ́ kí wọ́n gba oorun lójú rẹ. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má ti ka ìwé rẹ pẹ̀lú ojú méjèèjì. Ohun tó máa ń yí èyí padà jù ni kí ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi orúkọ rẹ sílẹ̀ láti inú. Kì í ṣe ojúsàájú, kò sì ní kí wọ́n mú ọ. Kìkì pé ìwé rẹ á bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó máa kà á. Àwọn tí ẹ jọ jáde ní Minna tí wọ́n ti wà lókè òkun, ìgbà wo lo kí wọn gbẹ̀yìn?

Ohun kejì ni ìbẹ̀rù àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Àṣìṣe méjì ni ẹni tó ń gbani síṣẹ́ lè ṣe: ó lè mú ẹni tí kò yẹ, ó sì lè lé ẹni tó yẹ. Ẹni tí kò yẹ, bí wọ́n bá mú un, owó oṣù ńlá ni wọ́n á máa san fún un, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó sì lè tó ọdún kan kí wọ́n tó lè dá a dúró. Gbogbo ilé ló máa mọ̀. Ẹni tó yẹ tí wọ́n lé, ta ló máa mọ̀? Ẹlòmíì tó dára wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà. Nítorí náà, wọ́n ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó sàn kí àwọn lé ẹni rere mẹ́wàá ju kí àwọn mú ẹni burúkú kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo ètò náà nìyẹn. Ní Amazon, láti 1999 ni wọ́n ti ní ẹni tí wọ́n ń pè ní Bar Raiser. Ẹ̀ka mìíràn ni wọ́n ti máa ń mú un wá, kò nílò òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń wá yẹn rárá, ó sì lágbára láti sọ pé rárá kódà bí ọ̀gá tó fẹ́ gba ọ síṣẹ́ bá ń bẹ̀bẹ̀.

Àwọn tí irú ètò báyìí ti lé dànù, ìwọ náà mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Brian Acton wá iṣẹ́ sí Facebook ní 2009, wọn ò mú un. Twitter náà ò mú un. Ó bá Jan Koum dá WhatsApp sílẹ̀. Ní 2014, Facebook kan náà ra WhatsApp ní bílíọ̀nù 19 dọ́là. Max Howell ló kọ Homebrew, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà tó ń lo kọ̀ǹpútà Mac fi ń kó ètò sórí ẹ̀rọ wọn. Ní 2015 ó kọ ọ́ sórí Twitter pé Google ò mú òun nítorí ìbéèrè orí pátákó kan tí òun ò lè ṣe. Mi ò sọ èyí kí o lè máa fojú tẹ́ńbẹ́lú ìdánwò wọn o. Mo sọ ọ́ kí o má baà ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọ ní oṣù kẹta bí ẹni ń ka ìwé àyẹ̀wò ọpọlọ.

Wàyí o, wá bá mi wọ inú yàrá náà.

Ká ní mo fún ọ ní ìwé kan tí iye owó ọjà 10,000 wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti ọjà Wuse. Mo ní: "5,000 náírà ló wà lọ́wọ́ mi. Bá mi wá ọjà méjì tí owó wọn papọ̀ jẹ́ 5,000 gẹ́lẹ́, kò gbọ̀dọ̀ lé, kò gbọ̀dọ̀ dín." Ọ̀nà tó máa kọ́kọ́ sọ sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn ni pé kí o mú ọjà àkọ́kọ́, kí o fi wé gbogbo ìyókù, kí o mú èkejì, kí o tún fi wé ìyókù. Ó máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ká ṣírò rẹ̀: bí ọjà bá jẹ́ 10,000, tí ibi tí o ń wá bá lọ wà ní ìparí, ìfiwéra 49,995,000 lo máa ṣe. Ọ̀nà kejì ni pé kí o máa bi ara rẹ lórí ọjà kọ̀ọ̀kan pé, "Kí ló kù tí yóò fi pé 5,000?" Bí èyí bá jẹ́ 1,800, 3,200 ni mò ń wá. Ṣé mo ti rí 3,200 kọjá? Bí mi ò bá tíì rí i, mo máa kọ 1,800 sínú ìwé kékeré tí mo lè yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú àáyá, mo sì máa kọjá lọ. Báyìí, ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa rìn la inú ìwé náà já, ìgbésẹ̀ 10,000. Láti nǹkan bí mílíọ̀nù 50 sí ẹgbàárùn-ún. Owó tí ilé-iṣẹ́ tó ní bílíọ̀nù oníbàárà ń fi pamọ́ lórí iná àti sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣe iṣẹ́ wọn, nìyẹn, ọ̀kan sì ni lára ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn irú ìbéèrè yìí.

Mo mọ̀ pé o mọ èyí. Gbogbo ẹni tó ń múra sílẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi ń tún un sọ ni èèyàn méjì tí mo fẹ́ kí o wò.

Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè, ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, ó sì kọ ọ̀nà kejì sílẹ̀ láìsí àṣìṣe kankan. Ẹnì kejì bi mí léèrè: "Ṣé ọjà méjì lè ní iye kan náà? Bí ọjà kan bá jẹ́ 2,500, ṣé mo lè ra irú rẹ̀ méjì? Bí kò bá sí méjì tó pé 5,000, kí ni kí n dá padà fún yín?" Ó ní, "Ọ̀nà kan wà tó rọrùn ṣùgbọ́n tó lọ́ra, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́." Ó ṣàlàyé ìdí tó fi lọ́ra. Ó ní, "Ohun tó ń jẹ mí ní àkókò ni pé mò ń wo ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bí mo bá lè rántí ohun tí mo ti rí…" Ó kọ ọ́. Àṣìṣe kan wà níbẹ̀. Ó mú nọ́ńbà mẹ́rin péré, ó fi dán kóòdù rẹ̀ wò, ó rí àṣìṣe náà fúnra rẹ̀, ó ní "háà, mo fi 2,500 kan ṣoṣo wé ara rẹ̀", ó sì tún un ṣe.

Ẹnì kejì ni wọ́n máa mú, pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀.

Gbọ́ ìdí rẹ̀, kí o sì fi ọkàn sí i, torí mi ò rí ẹni tó sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo nílò rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀ kọ́ ló ń dá pinnu. Ní Google, ìgbìmọ̀ kan ló wà tí wọ́n máa ka àkọsílẹ̀ tí gbogbo àwọn tó bi ọ́ léèrè kọ, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà kò sì rí ojú rẹ rí. Ní Amazon, olúkúlùkù ló máa kọ tirẹ̀ kí wọ́n tó jókòó pọ̀. Ìwé ni wọ́n ń kà. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò lè ju ohun tí o jẹ́ kí ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́ lọ. Ìwọ ronú dáadáa nínú ọkàn rẹ, Ọlọ́run rí i, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò sí nínú ìgbìmọ̀ wọn.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú, ilé kan ní Lugbe ni mò ń gbé. Obìnrin tó ń bi mí léèrè ka ìbéèrè rẹ̀, mo wò ó, mo sì mọ̀ pé mo lè ṣe é. Mo dákẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ní ilé, ọmọ tó bá ń rò tó ń sọ̀rọ̀ sókè, wọ́n á ní kó fi etí ilé sílẹ̀. Ní kíláàsì, ẹni tó bá ń dá sọ̀rọ̀ nígbà tí olùkọ́ ní ká ṣe ìṣirò, pàṣán ló ń wá. Mo dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 13. Ó bi mí pé, "Kí lò ń rò?" Mo ní mo ṣì ń ronú, mà. Mo parí rẹ̀, ó tọ̀nà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta wọ́n ní rárá. Mo bínú débi pé mo sọ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbọ́ pé orúkọ mi ni wọ́n rí tí wọn ò fi mú mi.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, èmi náà ni mo wà ní ìjókòó obìnrin yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọ́ sórí ẹ̀rọ láti Kaduna. Ó dákẹ́ bí èmi ṣe dákẹ́ gẹ́lẹ́. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta ohun tó ń rò, lẹ́ẹ̀mẹ́ta náà ló ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, ìṣẹ́jú kan." Èsì rẹ̀ tọ̀nà. Nígbà tí mo wá jókòó láti kọ àkọsílẹ̀, fọ́ọ̀mù náà bi mí pé: báwo ló ṣe yan ọ̀nà tó gbà? Mi ò mọ̀. Ọ̀nà mìíràn wo ló gbé yẹ̀ wò? Mi ò mọ̀. Kí ló ṣe nígbà tó kọsẹ̀? Mi ò mọ̀ bóyá ó kọsẹ̀. Mo pẹ́ níwájú fọ́ọ̀mù yẹn. Mo mọ ilé tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ti wá, mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé ni, mi ò sì lè kọ ohun tí mi ò gbọ́. Wọn ò mú un. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ó máa ń dùn mí.

Nítorí náà, bí o bá ní o ṣe gbogbo ìbéèrè wọn, ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ ni pé: kí ni wọ́n gbọ́?

Ọ̀rọ̀ "a" àti "mo" náà wà níbẹ̀. Wọ́n á ní kí o sọ nípa iṣẹ́ kan tó le tí o ti ṣe rí. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa á bẹ̀rẹ̀: "A kọ́ ojú òpó kan fún iléeṣẹ́ ìjọba, a yanjú ìṣòro rẹ̀, a fà á lé wọn lọ́wọ́." Ó lè jẹ́ pé ìwọ nìkan lo ṣe ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ náà, tí o ò sùn fún ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ojú ń tì ọ́ láti sọ "mo", torí ẹni tó ń yin ara rẹ̀ nílé wa, ojú burúkú ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹni tó ń bi ọ́ léèrè yóò kọ sílẹ̀ pé ohun tí ìwọ fúnra rẹ ṣe kò hàn. Ó parí. Ní ìlú wa, onírárà á dúró lẹ́yìn rẹ, á sọ ohun tí ìwọ kò lè fẹnu ara rẹ sọ. Kò sí onírárà níbẹ̀. Ìwọ lo máa sọ pé: ìbéèrè kan sí ibi ìpamọ́ dátà ń gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án, èmi ni mo rí i pé kò sí atọ́ka (index), èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tètè rí ohun tó ń wá, lórí òpó nọ́ńbà fóònù, mo fi sí i, ó sì bọ́ sí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Òtítọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà kì í ṣe ìgbéraga.

Ẹ̀kọ́ ilé kan náà ló tún ń mú ká máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni sà" kíákíá. Ẹni tó ń bi ọ́ léèrè á ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Nígbà mìíràn ó ń ta ọ́ lólobó pé àṣìṣe wà. Nígbà mìíràn kò sí àṣìṣe kankan, ó fẹ́ mọ̀ bóyá o lè dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ ni. Mo ti rí ẹni tó pa èsì tó tọ̀nà rẹ́ nítorí pé mo gbé ojú sókè lásán. Fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ kí n tún un yẹ̀ wò," yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú nọ́ńbà, kí o sì sọ ohun tí o rí. Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti kádàrá náà, torí ìwọ̀n tiẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 2013, Bock yẹn kan náà sọ fún ìwé ìròyìn New York Times pé àwọn ti yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wò, tí wọ́n fi máàkì tí olùbéèrè fún èèyàn wé bí ẹni náà ṣe wá ṣiṣẹ́ tó, àwọn ò sì rí ìbátan kankan láàárín méjèèjì. Ó tún ní àwọn àlọ́ àpamọ̀ tí wọ́n máa ń bi èèyàn nígbà náà, pé bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù mélòó ló máa kún inú ọkọ̀ òfuurufú, àkókò ṣòfò lásán ni wọ́n. Wọ́n pa àlọ́ náà tì, wọ́n dín iye ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò kù sí mẹ́rin, wọ́n sì tún ìbéèrè wọn tò. Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì ni èèyàn. Olùbéèrè tí ebi ń pa, tàbí tí ìbéèrè rẹ̀ bọ́ sí ibi tí o ò tíì kà dé, lè yí gbogbo ọjọ́ rẹ padà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n lé lónìí fi lè wọlé lọ́dún tó ń bọ̀ láìsí pé ọpọlọ rẹ̀ yí padà.

O bi mí bóyá wọn ò fẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nínú gbogbo ìjókòó tí mo wà, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé ìrìnnà wa ló máa ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìwé àṣẹ H-1B tí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà fi ń mú ẹnjiníà wọ̀lú, 85,000 tuntun ni òfin gbà fún wọn lọ́dún, 20,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó gba oyè kejì ní Amẹ́ríkà, bí ẹni ń ṣẹ́ gègé ni wọ́n sì ń yan àwọn tó máa rí i gbà. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ààrẹ wọn tún pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi ìwé yẹn mú ẹni tuntun wá láti òkèèrè san 100,000 dọ́là. Fi ara rẹ sí ipò ọ̀gá tó ní ẹni méjì tí wọ́n dọ́gba níwájú rẹ̀, tí ọ̀kan ti wà nílùú. Àwọn ọ́fíìsì wọn ní Áfíríkà kò sì pọ̀ tó. Microsoft ṣí ibùdó ẹnjiníà sí Èkó àti Nairobi ní 2019. Nígbà tó di 2024, ìròyìn jáde pé wọ́n ń ti èyí tó wà ní Èkó.

Ọjà iṣẹ́ náà sì ti le kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Láàárín oṣù kọkànlá 2022 sí oṣù kẹta 2023, Meta ní àwọn máa dín òṣìṣẹ́ 11,000 kù, wọ́n tún fi 10,000 lé e. Google dá 12,000 dúró, Microsoft 10,000, Amazon 27,000. Gbogbo àwọn ẹni yẹn bọ́ sígboro pẹ̀lú ìrírí ọdún púpọ̀, orí ìlà kan náà tí ìwọ wá bọ́ sí ni wọ́n sì tò sí.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ ti àwa ará Abuja, mi ò sì gbọ́ kí àwọn èèyàn máa sọ ọ́. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ kóòdù ìlú yìí, ti ìjọba ni: kọ́ ojú òpó, fà á lé wọn lọ́wọ́, gba owó, bọ́ sórí òmíràn. O lè ṣe é fún ọdún márùn-ún kí o má tíì rí ọjọ́ tí èèyàn 100,000 wọ inú ohun tí o kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá á sì bi ọ́ pé, báwo lo ṣe máa kọ́ ohun tí mílíọ̀nù èèyàn ń lò? Ọmọ Èkó tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sanwó lórí fóònù ti rí i lójú ayé, ìwọ inú ìwé lo ti kà á. Ṣùgbọ́n wo ẹ̀yìnkùlé rẹ. Bwari ni olú ilé-iṣẹ́ JAMB wà, kò jìnnà sí Kubwa. Ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 1.9 ló ṣe UTME ní 2025. Ká ní ní ọjọ́ tí èsì jáde, ìdajì wọn fẹ́ wo máàkì wọn láàárín wákàtí kan. Ìdajì jẹ́ nǹkan bí 950,000. Pín in sí ìṣẹ́jú àáyá 3,600, bíi 264 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ wọn ò sì ní í wá létòlétò, gbogbo wọn ló máa ya wọlé ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Èsì kì í yí padà lẹ́yìn tó bá ti jáde, ṣé ó yẹ kí a máa lọ bi ibi ìpamọ́ dátà ní gbogbo ìgbà? Ibo la máa tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí? Bí sáfà kan bá kú ńkọ́? Jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí o ya á jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá lè ṣe èyí dáadáa ti múra fún ìdajì ohun tí wọ́n ń béèrè nípa kíkọ́ ètò ńlá.

Bí o bá tún fẹ́ gbìyànjú, èyí ni èmi ìbá ṣe. LeetCode, ojú òpó tí àwọn èèyàn ti ń fi irú ìbéèrè yìí dánra wò, ní ìbéèrè tó lé ní 3,000. Má dá ara rẹ lóró, 120 tí o yé dénú dáa ju 600 tí o há sórí lọ. Wá ẹni méjì ní Kubwa tàbí Gwarinpa tí wọ́n ń múra bíi tìẹ, kí ẹ máa pàdé ní Sátidé, kí ọ̀kan máa béèrè, kí ọ̀kan máa dáhùn, kí ẹnì kẹta máa kọ gbogbo ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń kọ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá. Mo mọ̀ pé yóò jọ ọ́ lójú bí eré, ṣùgbọ́n nígbà tí èmi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ronú sókè, Gẹ̀ẹ́sì ń dí mi lẹ́nu: mo ń wá ọ̀rọ̀, mo sì ń wá èsì, méjèèjì ń jà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní Yorùbá fún ara mi nínú yàrá, "wò ó, ohun tó kù ni mo fẹ́ wá", ẹnu mi là. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ìrònú náà sì ti mọ ọ̀nà ẹnu.

Ní ọjọ́ náà gan-an, má gbẹ́kẹ̀ lé iná. Dátà ilé-iṣẹ́ méjì lórí fóònù méjì, kọ̀ǹpútà tó kún, yàrá tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ò ti lè bo ohùn rẹ mọ́lẹ̀. Sọ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ pé bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, o máa padà wọlé láàárín ìṣẹ́jú méjì. Wọn kì í bínú sí i.

Fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ owó tiwa náà. Moniepoint wà níbẹ̀, Paystack tí Stripe ti Amẹ́ríkà rà ní 2020 wà níbẹ̀. Ìbéèrè wọn kò rọrùn, ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè físà, ibẹ̀ lo sì ti máa rí èrò tí Abuja ò jẹ́ kí o rí.

Ní ti èyí tó lé ọ ní oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ wọn máa ń ní kí èèyàn dúró fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kó tó padà wá. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ lẹ́tà sí ọ, wọ́n máa ń dáhùn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí o tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, mú ìbéèrè ọjà Wuse tí mo sọ lókè yìí, gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ lórí fóònù níbi tí o ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo máa gbọ́ ọ, mo máa kọ àkọsílẹ̀ lórí rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà, mo sì máa fi ránṣẹ́ padà sí ọ, kí o lè fi ojú ara rẹ ka ohun tí wọ́n máa kà nípa rẹ.